Aṣàkẹ́ Rí Ilé Wọ̀

Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ni Tàwàkálítù ń rán jẹun ní Malu Road, ṣùgbọ́n Aṣàkẹ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ kárí Ajégúnlẹ̀.

Aṣàkẹ́ yìí kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran ara o. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni nínú ìwé ìtàn àtijọ́ kan tí Tàwàkálítù kà nílé ìwé. Wọ́n ní ó jí gèlè ọ̀gá rẹ̀, wọ́n lé e sínú òjò, ìwé náà kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí tó fi parí. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Èwo wá ni ká bí i tán ká gbàgbé rẹ̀ sínú òjò? Ó dun Tàwàkálítù wọra. Nígbà tó di ẹni tó ní fóònù, ó mú Aṣàkẹ́ wá sí Ajégúnlẹ̀ nínú ìtàn tuntun tóun fúnra rẹ̀ hun, ó ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí Wasáàpù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Monday, awakọ̀ tírélà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, fi í ránṣẹ́ sí gbogbo awakọ̀ tó tò sí Liverpool Road.

Bó ṣe dé etí Bàbá Oyèníran nìyẹn, tíṣà àgbà tó kọ ìwé náà, tó ń gbé ní Àpápá. Bàbá ní kí aránṣọ náà wá rí òun.

Ẹ̀rù ba Tàwàkálítù. Ta ní í gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ tí kò ní kọ́kọ́ lọ kí bàbá ọmọ? Bí wọ́n bá gba Aṣàkẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò kù fún un lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ? Ó ra ọsàn, ó lọ, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè ohunkóhun.

Bàbá kò tilẹ̀ wo ọsàn.

“Òjò ọjọ́ yẹn pọ̀,” ni wọ́n wí. “Ta ló gbà á sílé?”

“Akpevwe oníbúrẹ́dì ni, sà. Ó fún un ní ìró tó gbẹ, ó sì po tíì fún un. Ní báyìí, Aṣàkẹ́ ń tọ́jú owó ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.”

Bàbá bọ́ awò ojú wọn.

“Èmi ni mo lé e. Wọ́n ti tẹ ìwé tán kí n tó rántí rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń ronú ibi tó sùn. O ṣeun, ọmọ mi. Bí Aṣàkẹ́ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, kó má gbàgbé bàbá rẹ̀.”

Tàwàkálítù dúpẹ́, dúpẹ́, ó tún fi ẹkún kún un.

Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, Aṣàkẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá arúgbó kan wọlé tòun ti gèlè tuntun lọ́wọ́, ó ní òun wá bẹ ọmọ òun ni, ó sì gbàdúrà fún un. Ní Liverpool Road, láti orí tírélà dé orí tírélà, àwọn awakọ̀ tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù ń ṣe àmín.