Lẹ́ńsì Tó Gbé Ilé Wa Mì

Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Láti àárọ̀ ni ọmọbìnrin mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, tó ń yí òrùka ara lẹ́ńsì kámẹ́rà kan tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó yí i síwájú, kẹ́, kẹ́; ó yí i sẹ́yìn, kẹ́, kẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá èyí tí yóò rà, tó dára fún yíya ojú èèyàn àti fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá pọ̀. Ọkùnrin kan ń ṣàlàyé nínú fóònù rẹ̀: èyí gùn, èyí kúrú, èyí ń gba ìmọ́lẹ̀ ju tọ̀hún lọ. Bí ìyẹn bá dákẹ́, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi débi pé mo fẹ́ gba lẹ́ńsì ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tì í sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró òrùka yẹn kò jẹ́ kí n bínú tán. Mo mọ̀ ọ́n. Inú pálọ̀ wa ní Kotobabi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí mo wà ní kékeré, tí bàbá mi fi irú rẹ̀ da gbogbo ilé láàmú.

Ayàwòrán ni bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ ń ya oúnjẹ kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ ò lè mọ ohun tí fótò jẹ́ nígbà náà. Àwọn èèyàn á wẹ̀, wọ́n á pa àtíkè mọ́jú, wọ́n á wọ aṣọ tí wọn kì í wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, wọ́n á wá dúró gbọnrangandan síwájú aṣọ títa tó wà ní yàrá iwájú ilé wa. Fíláàṣì ni gbogbo ayé mọ̀. Tí kò bá tàn mànà, oníbàárà á ní wọn ò tíì ya òun. "Alata, kò tàn o! Ẹ má rẹ́ mi jẹ!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá tó ṣàtìpó níbẹ̀. Bàbá mi á tún un ṣe.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tó ń ta ọṣẹ àti aṣọ ní ọjà Okaishie, ni fíláàṣì kò bá mu. Kí iná yẹn tó tàn, ojú rẹ̀ á ti dé. Nínú oòrùn ńkọ́? Ojú a tún máa dé. Kò sí fótò rẹ̀ kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ ti là, bẹ́ẹ̀ sì ni irú àwọn fótò yìí ló ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ti padà sílé ní Nàìjíríà láti ìgbà tí ìjọba ibi tí a wà ní kí àwọn àlejò bíi tiwa máa lọ. Ìyá Àgbà ló dúró. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà náà.

Àfi bí àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà dé ṣe mú iṣẹ́ wá lọ́jọ́ kan: Ẹ̀gbọ́n ní òun ti mọ̀ pé àbúrò òun ti fọ́jú, pé àwọn ọmọ ló ń fi pamọ́ fún òun. Ó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tí ọdún bá ń parí lọ, ọmọ òun ọkùnrin yóò wá gbé e. Ìyá Àgbà fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ ta. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé ojú òun là kedere. Èsì tó padà dé ni pé ojú lọ̀rọ̀ wà, pé afọ́jú náà ní ẹnu tó lè fi ní òun ríran.

Bí bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ńsì tí kò nílò fíláàṣì nìyẹn, tí àlàáfíà sì kúrò nílé wa. Méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù àjèjì kan ní Okaishie. Ọ̀kan gùn, ó lè fa ohun tó jìnnà sún mọ́ tòsí, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà wọlé, bí kò bá sí fíláàṣì, kò ríran nínú ilé. Èkejì kúrú, ó sanra, kì í fa nǹkan kan; ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi sún mọ́ ẹni tí ò ń yà. Ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ ń ṣí gbàgà, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti tó o. Ọmọdé tó ń ta omi pàápàá mọ èyí tó yẹ kó rà. Bàbá mi kò mọ̀. Á wọ ọkọ̀ èrò tòròtòrò lọ sí Okaishie láàárọ̀, á padà dé ní ìrọ̀lẹ́, á ní òun ṣì ń rò ó. Ó ń bẹ̀rù pé àwọn oníbàárà á fi lẹ́ńsì kúkúrú ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi á pòṣé, á ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ojú Ìyá lẹ fẹ́ yà ni, àbí ẹ fẹ́ fi lẹ́ńsì ṣakọ?" Ọdún sì ń parí lọ.

Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló bá a parí rẹ̀. Ó kúrò nídìí ọjà rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó gbé lẹ́ńsì méjèèjì sójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní inú ti àkọ́kọ́ ṣókùnkùn bí ikùn ìkòkò. Ó ju èkejì sínú àpò rẹ̀, ó ní kí bàbá mi wá sanwó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa yà á, ó tún pálọ̀ ṣe bí ẹni tó ń retí ọba. Ó nu aago ara ògiri tí kò sọ òtítọ́ rí. Ó to àwo tánganran sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó gbé rédíò àti fáànù tó ń dá dúró síbi tí wọ́n á ti hàn. Ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá mi ṣí ihò lẹ́ńsì dé ìparí, kẹ́, kẹ́, ó sì yà á. Kò sí fíláàṣì.

Nígbà tí fótò jáde, áà! Ojú Ìyá Àgbà là rekete, ó mọ́lẹ̀, o lè rí fèrèsé nínú ẹyinjú rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ẹ̀ jó. Ìyá Àgbà yí fótò náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ilé mi dà?"

Aago ti di àbàwọ́n funfun kan. Kọ́bọ́ọ̀dù ti di kùrukùru. Bàbá mi ní bí lẹ́ńsì yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ẹwà rẹ̀ ni.

"Ẹwà? Gbogbo ohun tí mo fi òógùn kó jọ lo bá mi gbé mì, o ní ẹwà ni? Wọn ò ní pè mí ní afọ́jú mọ́, wọ́n á ní inú èéfín ni mò ń gbé!"

Ni bàbá mi bá tún pa ihò náà dé, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kí ilé lè hàn. Ṣùgbọ́n bí ihò bá ti kéré, ẹni tí wọ́n ń yà gbọ́dọ̀ jókòó láìmira, láìṣẹ́jú, fún ìgbà díẹ̀. Ìyá Àgbà kẹ̀? Láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn ló bú èmi tí mo ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì, tó sì béèrè ẹni tó fi ìkòkò sórí iná. Fótò kejì jáde, ilé hàn kedere, o lè ka nọ́ńbà ojú aago. Ojú Ìyá Àgbà ti dì pa. Bàbá mi gbé orí lé ọwọ́. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n kó méjèèjì ránṣẹ́.

Èsì padà dé lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Ẹ̀gbọ́n ní inú òun dùn, ojú là, kò sí ẹni tó tún ń bọ̀ wá gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá afọ́jú tó jókòó sínú ilé rẹ̀ yẹn, kí ló sì dé tó wọ aṣọ rẹ̀?

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kotobabi ni Ìyá Àgbà darúgbó sí, ibẹ̀ náà ló kú sí.

Bàbá mi ti lọ, wọ́n ti wó ilé náà, wọ́n fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dípò rẹ̀. Ẹ̀dà fótò ojú yẹn wà lára ògiri mi. Èyí tí ilé wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ìtìjú mú bàbá mi, kò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì mọ ibi tó wọlé sí. Ìgbà míì mo máa ń sún mọ́ kùrukùru yẹn títí imú mi á fi kan gíláàsì, mo ń wá kọ́tìnnì wa. Àbúrò mi ní aṣọ pupa ni, mo ní aláwọ̀ ewé ni, a máa ń jà lé e lórí fóònù. Inú máa ń bí mi. Ìyá Àgbà kúkú ti sọ fún wa pé ó gbé ilé mì.

"Mọ́mì, ẹ wòkè." Ọmọ mi ti yà mí níwájú sítóòfù. Ó fi hàn mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ wo bí ohun tó wà lẹ́yìn yín ṣe yọ́. Ó dáa paa!"

Mo wò ó. Ojú mi wà níbẹ̀. Kíṣìnì mi ti lọ.

"Yí òrùka yẹn padà."

"Ei, Mọ́mì! Inú ibí ṣókùnkùn. Tí mo bá pa á dé, ẹ máa ní láti jókòó jẹ́ẹ́, ojú yín ò sì ní dáa koraa."

"Ojú mi wà lójú ìwọ náà, tìyá bàbá mi sì ni. Ìgbà tó bá wù ọ́, wo dígí. Dígí wo lo máa wò tí wàá fi rí kíṣìnì yìí lọ́jọ́ iwájú?"

Ó kùn, ó kùn, ó yí i. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo jókòó, mo di ara mi mú. Ó ní mo ti ṣẹ́jú. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.