Láti Ìwó dé Òṣogbo, Lójú Títì Douala

Ẹni tó bá mọ Douala mọ̀ pé láti Ọjà Kóńgò dé Logbaba kì í ṣe ọ̀nà Ìwó sí Òṣogbo. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ni a sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, nígbà tí ogun ń jà nílé tí a kò rí ọ̀nà lọ. Aṣọ ló ń tà, èmi ń ránṣọ ní ìsọ̀ tó kọjú sí tirẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, mo sì fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Láàárọ̀ Sátidé, tó bá ti kírun tán, á wá kan ilẹ̀kùn mi, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Eré ìje gígùn kan ní Yaoundé la ń múra sílẹ̀ fún. Òfin wa ni pé ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ ti ń sáré jù. Nítorí náà a ń sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ onílé, ọ̀rọ̀ oníbàárà tó fẹ́ gba ṣòkòtò lọ́la, ọ̀rọ̀ ọmọ mi tí mo ní kó kúnlẹ̀ kí i, tó nàró, tó fi Faransé kí i bí ẹgbẹ́ rẹ̀, "Bonjour, tonton."

"Ẹ̀gbọ́n, òkè Yaoundé á fojú yín rí màbo lọ́dún yìí."

"Ìwọ tó o jẹ odindi búrẹ́dì kó o tó jáde, ìwọ lo máa kọ́kọ́ jókòó."

Ṣùgbọ́n eré kan wà tó jẹ wá lọ́kàn ju ti Yaoundé lọ. Bí ọ̀nà bá là, a ó sáré láti ilé bàbá rẹ̀ ní Ìwó dé ilé ìyá mi ní Òṣogbo. Kó tó dìgbà náà, a ń sá a ní Douala. Ìsọ̀ wa ní Ọjà Kóńgò ni Ìwó. Bassa, níbi tí òórùn bíà láti ilé iṣẹ́ ọtí ti ń gba afẹ́fẹ́ kan, la pè ní Ẹdẹ. Igi máńgòrò kan ní Logbaba ni ẹnu ọ̀nà ìyá mi, a kì í sì í fọwọ́ kàn án. Bó bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, a ó yí padà, torí mo ti búra pé ọwọ́ ìyá mi gan-an ni mo máa dì mú láti fi parí eré náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò ti rí i. Mo ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀. Nígbà míì mo máa ń fọwọ́ pa àpá tó wà lẹ́yìn etí mi, ibi tí mo ti ṣubú lu ọlọ rẹ̀ ní kékeré, kó lè dá mi lójú pé mo nílé.

Ogun parí. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹsàn-án, carte de séjour mi, káàdì ìgbélùú, sì há sí ọ́fíìsì. Lójoojúmọ́, "Revenez demain," kí n padà wá lọ́la. Láìsí káàdì náà, bí mo bá lọ, mi ò ní lè padà wọlé. Mo ní kí ọmọ Ìwó dúró dè mí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní sá eré wa láìsí yín."

"Sá a. Bá mi kí ìyá mi, sọ pé mò ń bọ̀."

Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n owú ń jẹ mí.

Lẹ́yìn oṣù méjì, èrò ọkọ̀ ojú omi kan mú lẹ́tà rẹ̀ wá. Ó ti sá eré náà. Ojú ìyá mi ti fọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sí mi. Ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń pariwo pé ará Douala dé, ló bá nawọ́ mú ọ̀rẹ́ mi, ó fọwọ́ pa á lórí, ó sì ń ki oríkì mi. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ sọ pé èmi kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń sunkún ayọ̀. Mo dáhùn lórúkọ yín. Ẹ forí jì mí."

Mo ju lẹ́tà náà sábẹ́ maṣíìnì. Ta ló ní kó dáhùn? Ṣé òun náà kò ní ìyá ni? Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí káàdì mi tó jáde, wáyà ti dé pé ìyá mi ti kú.

Nígbà tí ọmọ Ìwó padà dé, Sátidé ló wá kan ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo wọ bàtà mi. A sáré kọjá Bassa, eré tó ju òfin wa lọ. Ní Logbaba ó fẹ́ yí padà, èmi ò yí. Mo lọ fọwọ́ ti igi máńgòrò náà, mo sì sunkún níbẹ̀.

"Ọwọ́ ìyá mi ńkọ́?" mo bi í.

"Ó le, ó sì gbóná. Wọ́n ń wá nǹkan kan níbí." Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀. "Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Wọ́n wá rọra tún oríkì yẹn kì láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí n há a sórí."

Ìyá mi ti mọ̀ pé èmi kọ́. Ó mọ̀, ó sì fi oríkì náà rán an sí mi.

"Ṣé o há a sórí?"

"Gbogbo ẹ̀."

Mo ní kó kì í fún mi. Ó kì í pẹ̀lú ohùn àwọn ará Ìwó. Nígbà tó parí, mo dáhùn.