Orin Òjò Tí Àǹtí Bísí Ṣe

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ṣì ń wọ àárín orúnkún ẹlòmíràn dáadáa, Àǹtí Bísí ló máa ń dirun fún mi. Àbúrò màámi ni, inú yàrá kan ṣoṣo tí bàbá mi háyà n'Íkòtún ni gbogbo wa há mọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà rántí: àpótí ìjókòó lẹ́yìnkùlé, àdí nínú ìdérí ike, àti ìyarun onígi tó máa ń balẹ̀ sórí ẹni bí a bá mira. Ti Àǹtí Bísí tún yàtọ̀, torí orin ló máa ń ṣe bó ṣe ń dirun. Bí orin náà bá wọ̀, á fi ìyarun lù mí lórí jẹ́jẹ́, kó, kó, kó. Bí kò bá wọ̀, á ṣì lù mí, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń dunni.

Iṣẹ́ tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe náà nìyẹn, kó máa ṣe orin sínú fíìmù àti eré orí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní jìtá àlòkù kan tí okùn rẹ̀ kan já, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi á ní, "Bísí, ṣé jìtá lo máa gbé wọlé ọkọ ni?" Òun náà á dáhùn pé, "Bọ̀dá mi, ọjọ́ tí ẹ bá rí orúkọ mi nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin lẹ máa pariwo jù." Wọ́n ti lo orin rẹ̀ kan nínú eré ìrọ̀lẹ́ rí, ṣùgbọ́n kí orúkọ àwọn tó ṣe é tó máa gòkè, wọ́n ti gbé ìròyìn wọlé. Ó ní kò burú, ti fíìmù ń bọ̀.

Èmi mọ ọjọ́ tó ṣe orin òjò. Màámi lọ sí Ìyànà Ìpájà, àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò ńlá sì ká wọn mọ́ ọ̀hún. Mo ń sunkún lójú fèrèsé, ẹ̀bà mi ti dì nínú abọ́. Àǹtí fà mí mọ́ra, ó ń fọwọ́ lu ìdí ìkòkò:

Òjò, má pa ìyá mi lọ́nà,
ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí màámi tó wọlé tòun ti bàtà lọ́wọ́, orin náà ti pé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù nípa opó kan wá sílé wa, ó ń wá orin. Àgbàlá ni Àǹtí ti kọ orin òjò fún un. Bó ti parí rẹ̀ báyìí, Ìyá Onílé, arúgbó tó ni ilẹ̀ àdúgbò wa, pàtẹ́wọ́.

"Háà! Orin àwọn ìyá wa rèé! Ìyá tó bí mi ló ń kọ ọ́ fún mi l'Égàn!"

Ẹ gbọ́, ìyìn ni wọ́n fi ṣe o. Wọn ò parọ́ náà. Orin yẹn dà bí ohun tí ọlọ́jọ́ orí ti gbọ́ rí. Mo lanu pé, "Àǹtí ló ṣe é lọ́jọ́ òj..." Màámi já mi léèékánná. A kì í já àgbà nírọ́. Àǹtí fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá."

Nígbà tí fíìmù jáde, gbogbo ilé kó sí yàrá bàbá Káyọ̀dé, ayálégbé bíi tiwa, òun nìkan ló ní fídíò. Òṣèré tó ṣe opó kọ orin òjò, àwọn obìnrin ń nu ojú. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹni tó se oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó yá wọn ní ọkọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà: *Orin: Ìbílẹ̀*. Àǹtí ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n dá a padà. Ìbílẹ̀ náà ni.

Nígbà tó lọ bá ọkùnrin yẹn, ọkùnrin náà ní, "Àǹtí, ṣebí ojú yín ni Màmá ti sọ ọ́? Ẹ tún dúpẹ́. Àbí ẹ fẹ́ pe Màmá ní òpùrọ́ ni?"

Láti ọjọ́ náà, kì í kọrin mọ́ bó bá ń dirun fún mi. Mo lè mira bó ṣe wù mí, ìyarun kì í balẹ̀ mọ́. Jìtá wà lára ìṣó títí aláǹtakùn fi kọ́lé sínú rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ilé kan ni gbogbo wa ti ń wo fídíò, a jọ ń rẹ́rìn-ín, a jọ ń jẹ ẹ̀pà. Lónìí, kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Àǹtí Bísí ń ta bàtà ọmọdé n'Ígàńdò. Èmi náà ti di ìyá ọmọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ti iléèwé dé, ó ń kọrin òjò. Mo sọ ẹni tó ṣe é fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sọ ọ́ ní kíláàsì. Tíṣà ní orin ìbílẹ̀ kì í ní ẹni tó ṣe é, ó ní kó kúnlẹ̀ torí ó ń bá àgbà jiyàn.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù. Bàtà ló ń tò, kò gbójú sókè. "Jẹ́ kí ọmọ sinmi jàre. Ìyá Onílé tó sọ ọ́ di ìbílẹ̀ ti kú, ta ló máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà?"

Mo délé, mo fi òróró pa orúnkún ọmọ mi. Mi ò já a léèékánná. Mo ní kó tún un sọ lọ́la. Bí wọ́n bá ní kó kúnlẹ̀, kó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kó dárúkọ Àǹtí Bísí kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀.