Bàbá Ẹ-Dìde-Ná àti Tábìlì Ọmọ Rẹ̀

Wọ́n ti fá orí olùkọ́ dé ìdajì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni káfíńtà bá wọlé tòun ti ayùn lọ́wọ́.

"Olùkọ́, ẹ dìde ná."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni mo kan àga yẹn. Ẹsẹ̀ kan kúrú. Ọtí ló wà lójú mi nígbà náà, mo sì ti fi ọtí sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fá orí mi tán."

"Àga tó ti wọ́ láti ọdún méje kò lè dúró de orí kan."

Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ṣe fara ti ògiri tòun ti ìdajì irun lórí, tí bàbá káfíńtà ń rẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ìgbà yẹn ni onígbàjámọ̀ tó rí i pé gbogbo irun tóun ti ń gẹ̀ láti ọdún méje ló tẹ̀ sápá òsì. Àwọn oníbàárà ti rò pé àṣà tuntun ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe káfíńtà ní Bàbá Ẹ-Dìde-Ná.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu àwọn aláìsàn, á kàn pòṣé. Lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bàbá ti ṣèlérí pé òun á wá síbi ayẹyẹ rẹ̀. Ilé ọtí ló sùn sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ló fi tábìlì ránṣẹ́ sí i, ẹsẹ̀ kan kúrú. Ó ń dùn ún títí di ìsinsìnyí.

Bàbá mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ gbogbo èèyàn mìíràn tó fi ọtí ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

"Mo ti dárí jì yín, bàbá," ni ìyá aránṣọ, ọ̀kan lára wọn, wí. "Ẹ máa lọ."

"Ó ti yá jù. Ẹ bú mi díẹ̀ ná."

"Kí n bú àgbàlagbà?"

"Ẹ gbìyànjú."

Ìyá fi ìtìjú bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi fọwọ́ lé ìbàdí, ó bú u dórí fèrèsé tí bàbá kàn sódì fún un. Nígbà tí èémí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tán, bàbá mi orí.

"Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ilẹ̀kùn."

Níkẹyìn, ó lọ kànkùn nílé ọmọ rẹ̀. "Ìyá mi, mo wá tún tábìlì ṣe."

"Ẹ fi tábìlì sílẹ̀, bàbá. Bí ẹ bá ti ní ẹ ń bọ̀, kí ẹ máa wá. Sátidé, aago mẹ́rin."

Nígbà tó di Sátidé, aago méjì ààbọ̀ ni bàbá ti dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti ayùn títí aago mẹ́rin fi lù.

"Ṣé kí n tún un ṣe báyìí?"

"Ó di Sátidé tó ń bọ̀."

Ẹ̀rù ń ba ọmọ pé bí tábìlì bá dúró ṣinṣin, ẹsẹ̀ bàbá ò ní tẹ ilé òun mọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni bàbá fi ń fọwọ́ kan mu tíì, tó ń fọwọ́ kejì di tábìlì mú. Kò pa Sátidé kan jẹ, òjò ò dá a dúró, kò sì tún fẹnu kan ọtí.

"Mo mọ ìdí tí o ò fi jẹ́ kí n tún un ṣe," ni bàbá wí lọ́jọ́ kan.

"Kí nìdí ẹ̀?"

"Má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́. Mo ṣáà ń bọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá kú, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí ọtí níbẹ̀. Ní Sátidé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, káfíńtà bíi tirẹ̀, wá kí ọmọ náà. Àlejò náà gbé ife tíì kalẹ̀, tábìlì yẹ̀, ọmọ sì yára fọwọ́ kan dì í mú.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ rẹ́ ẹ. Kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, bàbá," ló wí. "Ó di Sátidé tó ń bọ̀."