Ìgò Tí Bàbá Ní Kí N Má Fojú Kúrò Lára Rẹ̀

Bí òórùn fọmalíìnì, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ara kó má baà jẹrà, bá ti gba imú mi, orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kan ní Kaduna ni ọkàn mi máa ń padà sí. Ayé ìjọba ológun ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá, ni mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ungwan Dosa. Odindi ọdún méjì ni abẹ́ wọn fi ń wú. Ìpá ni gbogbo wa pè é. Wọ́n ń fi jalabíà gbàgẹ̀rẹ̀ bò ó, àwa náà ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, dókítà gbé ìgò kan jáde tí ẹran tó gé wà nínú fọmalíìnì rẹ̀, ó bá mi sọ Hausa. Ó ní kì í ṣe ìpá, kò lómi nínú, ó le, ara okùn tí kórópọ̀n fi rọ̀ lòun ti gé e. Ó gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Nígbà tí Bàbá jí, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ká olè mọ́lé.

“Ẹran ara mi? Gbé e wá kí n lọ sin ín.”

“Bàbá, àyẹ̀wò lásán ni.”

“Àyẹ̀wò àbí oògùn owó? Ìwọ náà ti mu tíì wọn, wọ́n ti fi rà ọ́, àbí?”

Inú bí mi, ojú sì tún tì mí pé inú bí mi sí wọn. Kí n má purọ́, ìfura wọn ràn mí. Kí ló dé tí dókítà ń kánjú? Kí ló dé tí kò jẹ́ kí ìgò náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà tó yá, Bàbá mí kanlẹ̀: “Ìwọ ni kó o gbé e lọ. Má fojú kúrò lára rẹ̀. Kí wọ́n dá ìyókù padà.”

Mo gbé e lé orúnkún nínú takisí, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá láti àárọ̀ títí wọ́n fi tì í, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rẹ́rìn-ín: “Haba Malam, ẹran yìí ò ní fẹsẹ̀ rìn!”

Jẹjẹrẹ ọ̀rá ni wọ́n bá nínú rẹ̀, irú tó ṣọ̀wọ́n débi pé inú ìwé nìkan ni dókítà ti rí i rí. Wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún Bàbá, wọ́n yọ ìyókù pẹ̀lú kórópọ̀n ẹ̀gbẹ́ náà. Dókítà ní ká ní a ti sin ẹran náà ni, ìpá la ó máa pè é títí tí yóò fi ràn wọnú ikùn.

Ẹ̀yìn ilé la sin ohun tó kù nínú ìgò sí. Bàbá sì tún lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Mo ti rò pé oyè mi ni wọn yóò máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà fún àlejò, wọn kì í dárúkọ yunifásítì, wọn kì í dárúkọ dókítà pàápàá. Èmi ni wọ́n máa ń nàka sí: “Ọmọ yìí ló jókòó tì í.” Ẹnikẹ́ni ò tíì yìn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.