Apẹja Kì Í Ná Ẹja Ara Rẹ̀

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀gá wa sọ fún wa pé Apẹja máa di obìnrin. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé wọ́n fẹ́ kun ògiri ọ́fíìsì ní ọ̀dà mìíràn. Gbogbo àwọn tó jókòó yí tábìlì ká nínú yàrá kékeré yẹn ní Igbó Ẹfọ̀n yíjú sọ́dọ̀ mi. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀, èmi náà ni mo sì ya Apẹja. Wọ́n ń retí kí n fò sókè fáyọ̀.

N kò fò. Inú bí mi débi pé mo kọ́kọ́ mu omi tó wà níwájú mi, kí ẹnu mi má baà yára jù mí lọ.

Apẹja ni akọni géèmù tí ilé-iṣẹ́ wa ṣe fún fóònù. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ni, tó ń ju àwọ̀n sínú ọ̀sà láti inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tó ń sá fún ìjì, tó sì ń yẹra fún àwọn ẹ̀rọ tó ń wa yanrìn. Àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹpẹ nìyẹn, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kì í tán, fóònù ni àwọn èèyàn fi ń tu ara wọn nínú. Mo ti rí ọlọ́kadà, mo ti rí bíríkìlà tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo ti rí obìnrin tó wọ kóòtù, tí gbogbo wọn tẹrí ba lórí Apẹja. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pè é ní Bàbá.

Ohun tí ẹnì kankan kò mọ̀ ní ọ́fíìsì ni pé bàbá mi ni. Ọ̀sà ni bàbá mi fi jẹun títí àìsàn fi mú un lọ, ọdún tó kú gan-an ni mo sì ya Apẹja. Mo fún un ní aṣọ aró tí bàbá mi máa ń wé mọ́rí. Mo jẹ́ kó máa gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi tirẹ̀, nítorí omi ti ba etí òsì bàbá mi jẹ́ láti ìgbà èwe. Màmá mi kò tíì rí géèmù náà rí. N kò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí tó bá rí i, mo sì bẹ̀rù ojú yẹn. Ohun tí mo ń sọ fún un ni pé àwòrán ni mò ń yà níbi iṣẹ́, a sì máa ń fi í síbẹ̀.

Ọ̀gá wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ń pè mí ní Àǹtí, èmi náà ń pè é ní Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

"Àǹtí, àwọn obìnrin tó ń gbá géèmù yìí ti pọ̀ gan-an," ó ní. "Àwọn partner wa náà ń béèrè female lead. Same Apẹja o, same story. Ẹ kàn yọ irùngbọ̀n ẹ̀, kẹ́ ẹ ró ìró fún un."

"Before tomorrow evening e don set," ni ọmọkùnrin tó ń bójú tó ìpolówó ọjà wí.

"Ẹ ò ní yọ irùngbọ̀n ẹnikẹ́ni," mo ní.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀yin náà kẹ̀? Mo rò pé ẹ máa support ẹ̀ ni. Àbí ẹ ò fẹ́ kí obìnrin ṣe hero?"

"Mo fẹ́ ẹ jù ẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní wọ ṣòkòtò àgbàwọ̀ fún un."

Gbogbo wa la mọ òwe náà: ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò ṣoni lẹ́sẹ̀, á fúnni nítan, rẹ́gí-rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ló ti ń wù mí kí obìnrin kan wa ọkọ̀ tirẹ̀ nínú géèmù yẹn. Ṣùgbọ́n kí a mú ọkùnrin tí àwọn èèyàn ti mọ̀, kí a fá a lágbọ̀n, kí a ró ìró mọ́ ọn, kí a wá ní kí obìnrin máa dúpẹ́, ìwọ̀sí ni fún àwọn méjèèjì. Mo sọ fún wọn pé ńṣe ni wọ́n ń pa ọkùnrin láìsin ín, tí wọ́n sì ń sọ obìnrin lórúkọ láìbí i.

Ọ̀gá họ orí. "Okay. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe, then? Ẹ mú nǹkan wá lọ́jọ́ Monday. Bí kò bá sí, Àǹtí, ẹ má bínú, ọmọ ayàwòrán kan wà ní Ṣàngótẹ̀dó tí mo máa gbé e fún."

Mo gbà. Ohun tí mo ṣe tán láti jà fún ni pé kí bàbá mi má parẹ́, kí obìnrin náà sì dé. Bí mo ṣe máa ṣe é ni n kò mọ̀. Ní Ọjọ́ Ẹtì mo ya obìnrin, mo pa á rẹ́, mo tún ya òmíràn. Bàbá mi nínú ìró ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ mi wá fẹ́ dà bíi ti ẹni tó ní òun ò jẹ ẹ̀bà, tí kò sì ní nǹkan mìíràn nílé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo lọ sọ́dọ̀ màmá mi létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí àwọn ilé tuntun kò tíì gba gbogbo ilẹ̀ tán. Mo bá a nídìí ààrò tó ti ń yan ẹja. Kò bi mí ohun tí mo wá ṣe. Ó ní kí n ti igi sínú iná, mo tì í.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ kan fi gúnlẹ̀. Ọkùnrin inú rẹ̀ so okùn, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi jáde. Obìnrin kan tó wá ra ẹja bi í pé èló. Kò dáhùn. Ó fi ẹnu júwe ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkè.

Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, apẹja kì í ná ẹja ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kan iyanrìn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ọkùnrin. Ìyàwó rẹ̀ ló máa dá iye lé ẹja, tàbí ìyá rẹ̀ bí kò bá níyàwó. Òun ló máa yan èyí tí kò tà, òun náà ló máa fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e lọ sọ́jà. Wọ́n ní ẹni tó ti bá omi jà láti òwúrọ̀ kò lágbára àtibá oníbàárà jà mọ́, ọ̀fẹ́ ló máa fi ẹja tọrẹ. Ọkùnrin kan wá láti VGC, àdúgbò àwọn olówó, nígbà kan, ó takú pé ọwọ́ bàbá mi gan-an lòun á ti rà. Bàbá mi kọ etí òsì sí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Màmá mi wá bu owó lé e fún un nítorí ìyájú rẹ̀.

Mo ti mọ gbogbo èyí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe di igi ìdáná mú, mo rí ohun tó wà nínú géèmù wa. Bí Apẹja bá gúnlẹ̀, ẹja á pòórá, owó á dún, òun á sì padà sójú omi. Kò sẹ́nì kankan ní èbúté. Ta ló ń ná ẹja? Ta ló ń yan án? Iṣẹ́ obìnrin náà ti wà nínú géèmù láti ìbẹ̀rẹ̀, òun alára la ò yà.

Mo dìde. "Màámi, mò ń lọ."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Jókòó."

Mo jẹun kí n tó lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi, n kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ya obìnrin kan tí èéfín ti mú ọwọ́ rẹ̀ dúdú, tó ń fi ọwọ́ kan lé ìbàdí bí wọ́n bá ń dá iye fún un. Ó ní ọkọ̀ àti àjẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ọ̀tá tirẹ̀ náà wà lọ́tọ̀: òjò tó fẹ́ pa iná ààrò, koríko tó dí ojú omi, àti oníbàárà tí kò ní ìtìjú. Kò jọ bàbá mi níbì kankan.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo tẹ́ àwọn àwòrán náà sórí tábìlì. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lobìnrin yìí," mo ní. "Apẹja ti gúnlẹ̀. Èmi loníbàárà." Mo dá iye kékeré tí kò bójú mu lé ẹja.

"Okay, ẹ máa mú un lọ," ọ̀gá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ṣí àwòrán tó kàn: Apẹja tó ń wò ó láti inú ọkọ̀, orí sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí kò gbà pé òun gbọ́ dáadáa. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga súnmọ́ tábìlì. "Wait. Ẹ jẹ́ kí n tún un ná." A ná ẹja títí àkókò oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá.

"Na two hero be this o," ni ọmọ onípolówó wí. "Double work."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Double work ni."

Ọ̀gá tẹ́ àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Apẹja dúró," ó ní. "Ṣùgbọ́n Àǹtí, kí obìnrin yìí ti ṣetán kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

Ó ṣetán. Àwọn ọkùnrin kan kọ̀wé pé a ti ba géèmù jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Àwọn kan kò fọwọ́ kan àwọ̀n mọ́, ẹja níná ni wọ́n ń gbá láti àárọ̀. Èyí tó wù wọ́n ni kí wọ́n wí, ẹnì kan ló kù tí mo fẹ́ mọ ohun tó máa sọ.

Mo gbé fóònù lé màmá mi lọ́wọ́ nídìí ààrò kan náà, mo sì fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Ó wo obìnrin náà, ó ní ìró rẹ̀ ti lọ sókè jù. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yọ ní ọ̀ọ́kán, Apẹja nínú rẹ̀, aṣọ aró lórí, orí sí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ màmá mi dúró. N kò lè wo ojú rẹ̀, iná ni mò ń wò.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Màmá mi yí ara díẹ̀ lórí àpótí, ó gbé ẹnu súnmọ́ fóònù náà láti apá ọ̀tún, ní ẹ̀gbẹ́ etí tó ń gbọ́ràn.

"Ẹ kú ojú omi," ó ní.

Mo sunkún, n kò sì purọ́ pé èéfín ni.

"Ibí lo gbé bàbá rẹ sí látọjọ́ yìí," ó ní fún mi. Ohùn rẹ̀ kò le. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ti jáde lójú fóònù. "Kí ni èyí ń sọ? Kà á fún mi."

Mo ka iye tí oníbàárà dá lé ẹja.

"Sọ fún un pé kò tíì jí lójú oorun," ni màmá mi wí, ó sì fọwọ́ kan lé ìbàdí. A ná ẹja yẹn títí bátìrì fi kú.