Ibi Tí Màmá Dákẹ́ Sí

Òórùn láfún tí wọ́n sá sórí àpáta ni mo fi ń rántí Èrúwà. Nígbà tí mo wà ní pólì níbẹ̀, àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé, ibẹ̀ làwọn obìnrin àdúgbò máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí, orí rẹ̀ nìkan sì ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dára. Nírọ̀lẹ́, màá rọra gba àárín láfún kọjá, màá jókòó, màá ṣí Wasáàpù. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe nígbà náà: lẹ́tà méjì la fi ń kí ara wa káàárọ̀, àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín la sì fi ń dáhùn. Ó dùn mọ́ wa, a ò rí i pé nǹkan kan ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ọdún tí mò ń múra ìgbéyàwó ni ìdánwò àṣejáde náà kó sí. Ẹkún ìyàwó ló ká mi lára jù. Nílé wa, ọmọbìnrin kì í dágbére fáwọn òbí rẹ̀ láìsun ún, ìyá bàbá mi ní Igangan nìkan ló sì kù tó mọ tiwa. Ìdánwò ò jẹ́ kí n lè lọ jókòó tì wọ́n. Bí mo bá pè, ìpè á máa já. Ẹ̀rù bà mí gan-an pé màá jáde nílé bàbá mi bí odi. Mo wá bẹ ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó ń gbé pẹ̀lú Màmá, pé kó bá mi tẹ ẹkún náà ránṣẹ́.

Ó fi orúkọ tó sọ mí dáhùn pé, "Eyínfúnjowó, Màmá ní a kì í tẹ ẹkún. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sẹ́nu àwọn."

Nígbà tí ohùn àkọ́kọ́ dé, ó já gaara. "Àbẹ̀kẹ́, o kú ìrọ̀lẹ́ o." Màmá dákẹ́. Mò ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn. "Ṣé dáadáa lo wà?" Wọ́n tún dákẹ́. Wọ́n sun ìlà kan nínú ẹkún náà, wọ́n dúró, wọ́n dúró, ni wọ́n bá ní, "Kò mà dá mi lóhùn. Àbí mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Ó parí síbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí, díẹ̀ ló kù kí n jókòó lé láfún oníláfún. Mo fi ohùn ránṣẹ́ padà, mo ṣàlàyé pé ńṣe ni fóònù ń gba ohùn wọn sílẹ̀, pé mi ò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Màmá gbọ́, wọn ò gbà. "Ẹkún tẹ́nìkan ò gbè, ta ni n ó máa sun ún fún? Ògiri?" Bí wọn ò bá ti gbọ́ kí ẹnìkan gbè é, ìlà kejì kì í jáde. Ìgbéyàwó sì ń sún mọ́lé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi yẹn ló yọ mí. Nínú ohùn tó tẹ̀ lé e, Màmá sun ún pé, "Mò ń lọ o, ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ mi," òun náà sì gbè é lórúkọ mi: "Hin-ìn, a ò ní tì í!" Bí ìlà kejì ṣe jáde nìyẹn, tí ìkẹta tẹ̀ lé e. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mò ń sun ún lórí àpáta, títí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó láfún fi bi mí pé, "Ọmọ yìí, ta ló kú?"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo sun ìlà àkọ́kọ́, mo dákẹ́. Omi lé ròrò sí wọn lójú. "Hin-ìn," ni wọ́n wí, "a ò ní tì í." Mo sun ún dópin.

Màmá ti lọ báyìí. Gbogbo fóònù tí mo ti pààrọ̀, mo ń kó ohùn wọn dání. Àwòrán àtẹ́lẹwọ́ ló kún Wasáàpù ẹbí wa, kò sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ ẹnìkan. Èmi náà ń fi lẹ́tà méjì kí èèyàn, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ohùn àkọ́kọ́ yẹn, tó pa mí lẹ́rìn-ín, òun ni mo máa ń gbọ́ jù. Ó ti wá yé mi pé àyè tèmi ni Màmá fi sílẹ̀ níbẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, o kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni mo wà, Màmá." Màá sì yára pa á, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ní n ò dá àwọn lóhùn.